Fóònù Tó Ń Wojú Ọ̀run: Ẹ̀kọ́ Tí A Kó Bọ̀ Láti Ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé

  Nígbà tí olóòtú ní kí n kọ nǹkan, ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìtúpalẹ̀ àwọn oríkì tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn abẹ́nà ìmọ̀ wa ní Ìgbẹ́tì. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ló ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ṣé òótọ́ ni pé fóònù sátẹ́láìtì ló yọ yín?" Òótọ́ ni. Òótọ́ tún ni pé díẹ̀ ló kù kó má yọ wá, àwa fúnra wa la sì fà á. Oríkì yóò dúró de ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Àwa mẹ́sàn-án la lọ, pẹ̀lú olùkọ́ wa kan àti ẹ̀ṣọ́ igbó méjì. Ẹ mọ̀ pé inú ọgbà ìpamọ́ ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní Old Oyo National Park ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ọgbà náà tóbi ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ó tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Láti ìgbà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti kó kúrò níbẹ̀, tó ń lọ sí igba ọdún báyìí, igbó àti ẹranko ló ni ibẹ̀. Bí ẹ bá ti fi Ìgbẹ́tì sílẹ̀ tí ẹ sì wọ inú igbó dáadáa, àwọn ìlà nẹ́tíwọ̀kì orí fóònù yín á máa dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi ní ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀kan nínú wa yọ̀ lórí àpáta. Ó ti ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé ìròyìn nítorí pé òun ṣubú, torí náà ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Ẹgbẹ́. A gbọ́ ìró egungun náà. Ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lójú wa bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná. Èyí àgbà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà gé igi méjì, ó fi ìborùn olùkọ́ wa di ẹsẹ̀ náà mọ́ àárín wọn, ó wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wa. Ó ní a lè gbé e dé ibi tí mọ́tò lè wọ̀ dé, òun mọ ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n mọ́tò wà ní Ìgbẹ́tì, àdéhùn wa pẹ̀lú dírẹ́bà sì ni pé kó padà wá gbé wa ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Ta ni yóò sọ fún un pé kó má dúró di ọ̀la?

Inú àpò olùkọ́ wa ni fóònù sátẹ́láìtì wà. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jáde ní ẹ̀ka yìí, tó ń bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́ báyìí, ló yá wa. Iridium ni, ó dúdú, ó tóbi ju Nokia àtijọ́ lọ, ẹ́ríà rẹ̀ sanra bí àtàǹpàkò. A ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú bọ́ọ̀sì pé ṣé ká fi gún iyán ni. Kò sí ẹni tó tàn án wò kí a tó kúrò nílé.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi bá a jìjàkadì kí a tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo ti wá kàwé nípa rẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n tó ni fóònù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kò yẹ kó jù. Ibi tí wákàtí yòókù bọ́ sí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìdí tí fóònù tiwa fi kú sí wa lọ́wọ́

Fóònù tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa kì í bá fóònù ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tààrà. Òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà nítòsí ló ń bá sọ̀rọ̀, òpó náà ni yóò wá gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ síbi tó ń lọ. Lórí ètò GSM, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nǹkan bí kìlómítà 35 ni òpó kan lè dé mọ. Bí òkè àti àpáta bá wà láàárín, ẹ má retí ìdajì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ri òpó mọ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo iye ènìyàn tí yóò ra káàdì níbẹ̀. Ẹtu kì í ra káàdì.

Ọ̀kan nínú wa pariwo pé, "Ṣùgbọ́n GPS fóònù mi ń ṣiṣẹ́! Ó ń fi ibi tí a wà hàn mí. Ṣé kì í ṣe sátẹ́láìtì nìyẹn?" Sátẹ́láìtì ni lóòótọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti máa ń ṣìnà. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 lókè wa, wọ́n ń kéde àkókò àti ipò wọn láìdákẹ́, bí agogo ilé ìjọsìn. Fóònù wa kàn ń gbọ́ ni. Kò lè dáhùn. Ìyẹn ni pé ẹ lè mọ ibi tí ẹ wà gan-an, kí ẹ má sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Fóònù sátẹ́láìtì ní tirẹ̀ ń gbọ́, ó sì ń dáhùn. Dípò òpó orí ilẹ̀, òpó tirẹ̀ wà lójú òfuurufú. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n gbà ń ṣe é, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, torí ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìíní ni ti Inmarsat, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979 nítorí ààbò àwọn ọkọ̀ ojú omi, àti ti Thuraya, tó ní ibùdó ní ilẹ̀ United Arab Emirates. Sátẹ́láìtì àwọn wọ̀nyí ga tó kìlómítà 35,786 lókè ìlà agbedeméjì ayé. Ní gíga yẹn, bí ayé ṣe ń yí ni sátẹ́láìtì ń yí, torí náà lójú wa ó dà bí ẹni pé ó dúró gbagidi sójú kan, bí àgbà tó jókòó sórí àpáta Olúmọ tó ń wo Abẹ́òkúta. Mélòó kan irú rẹ̀ ti tó láti bo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sí ohun tó yára tó o, ń lo nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá láti gòkè lọ kó sì sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀, ó kéré tán ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yóò kọjá kí ìdáhùn tó lè dé etí yín. Ó jọ ohun kékeré títí tí ẹ̀yin méjèèjì á fi máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara yín lẹ́nu.

Ọ̀nà kejì ni ti Iridium. Àwọn sátẹ́láìtì tirẹ̀ wà nítòsí, ní kìlómítà 780 péré, àmọ́ ẹni tó bá wà nítòsí ayé tó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró sójú kan. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń yí ayé ká, kì í sì í lò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lójú ọ̀run yín kó tó wọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò mẹ́rìndínláàádọ́rin tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí ọ̀kan tó wọ̀, á ti fa ọ̀rọ̀ yín lé òmíràn lọ́wọ́, bí àwọn sárésáré ṣe ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n tún ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, torí náà kò pọn dandan kí ibùdó orí ilẹ̀ kankan wà nítòsí yín. Òun ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní gbogbo ayé, títí kan òpin àríwá àti òpin gúúsù pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ìtàn Iridium yìí dùn mọ́ mi. Ilé-iṣẹ́ Motorola ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Sátẹ́láìtì 77 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi sókè, wọ́n sì fi orúkọ èròjà kẹtàdínlọ́gọ́rin nínú táblì àwọn oníkẹ́mísìrì sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé 66 ti tó, orúkọ ti mọ́ ọn lára. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1998 ni wọ́n ṣí i fún títà. Nǹkan bí bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ni wọ́n ná. Fóònù náà wúwo bí bíríkì, ó sì wọ́n bí ojú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi tí wọ́n fi lọ sí kóòtù. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń múra láti já gbogbo sátẹ́láìtì náà lulẹ̀ kí wọ́n lè jóná. Àwọn kan wá ra gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ẹ fi mílíọ̀nù wé bílíọ̀nù. Bí kò bá sí ti ọjà ọ̀pọ̀ yẹn ni, bóyá orí àpáta la ó wà di ọjọ́ kejì.

Wákàtí kan tó ṣòfò

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a jókòó sábẹ́ igi. Òòrùn mú, Ìyá Ẹgbẹ́ nílò ibòji, gbogbo wa sì pagbo yí i ká. Abẹ́ igi náà la ti tan fóònù, ó ní òun ń wá nẹ́tíwọ̀kì. Ó wá a títí. Ẹnìkan ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn ìgò oògùn. Ìgbì tí fóònù yìí ń lò kò lágbára láti gba inú ewé tútù àti ẹ̀ka igi kọjá dáadáa, kò sì lè la àpáta rárá. Fóònù náà gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tí ẹ dúró sí dára, ẹ gbójú sókè: bí ewé tàbí àpáta bá bo èyí tó ju ìdajì ọ̀run lọ lójú yín, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ́ríà náà ńkọ́? A ò fà á yọ. Ti Iridium gbọ́dọ̀ yọ jáde tán kó sì dúró ṣánṣán, kó nàró sọ́nà òkè, torí ibi gbogbo ni sátẹ́láìtì rẹ̀ lè ti yọ. Tí ẹ bá fi etí kan òkè ìdúró bí ti fóònù lásán, tí ẹ́ríà wá dùbúlẹ̀, ìpè á já. Ti Inmarsat àti Thuraya yàtọ̀. Torí pé ojú kan ni sátẹ́láìtì wọn wà, ẹ gbọ́dọ̀ kọjú ẹ́ríà sí i. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, apá ìlà-oòrùn ni èyí tó ń bójú tó wa wà, ó sì ga dáadáa. Ẹni tí òkè wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ tímọ́tímọ́ ní láti wá ibòmíràn.

Ẹ̀ṣọ́ igbó kékeré ló gba fóònù lọ́wọ́ wa níkẹyìn, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e síta gbangba bí rédíò." Ó gbé e dé ibi tó tẹ́jú, ó fa ẹ́ríà yọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ní òun ti rí nẹ́tíwọ̀kì. A pariwo bí ẹni tó jẹ góòlù.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. A tẹ nọ́ńbà dírẹ́bà bí a ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nílé, láti orí òdo. Obìnrin kan ń sọ fún wa lédè òyìnbó pé nọ́ńbà náà kò pé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sọ́kàn pé fóònù sátẹ́láìtì kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kankan. Ibikíbi tí ẹ bá wà, ìpè òkè-òkun ni gbogbo ìpè rẹ̀, kódà bí ẹni tí ẹ ń pè bá wà ní kìlómítà ogún sí yín. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ + tàbí 00, lẹ́yìn náà 234, kí ẹ sì yọ òdo iwájú nọ́ńbà kúrò. Bákan náà, ẹ má fọkàn sí 112 tí ìjọba ní ká máa pè nígbà pàjáwìrì. Orí nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ wa ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ẹ kọ nọ́ńbà tààrà sórí ìwé: ti dírẹ́bà, ti ọ́fíìsì ọgbà, ti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, ti ẹni kan nílé. Kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú +234 rẹ̀ pátá, kí ẹ fi ike wé e, kí ẹ sì so ó mọ́ àpò fóònù náà.

Nígbà tí nọ́ńbà wọlé, dírẹ́bà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Alàgbà, gé e. A tún pè, ó tún gé e. Nọ́ńbà tó rí lójú fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +8816, èyí tí Iridium ń lò. Ti Inmarsat a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +870, ti Thuraya pẹ̀lú +88216. Àgbàlagbà tó ti gbọ́ ìtàn àwọn gbájúẹ̀ tó báyìí, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà àjèjì oníka púpọ̀ ṣe? Ìgbà kẹta ló gbé e, pẹ̀lú ìbínú.

"Ta nìyẹn? Mi ò ní ATM o!"

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, àwa ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín."

"Akẹ́kọ̀ọ́ wo? Ṣé ẹ̀yin tí mo gbé lánàá ni ẹ ti dé òkè-òkun?"

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìlà bátìrì kan ló kù, Ìyá Ẹgbẹ́ sì ń gbọ̀n. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi fóònù náà pe gbogbo ẹni tí ẹ lè nílò, kí wọ́n fi orúkọ pa nọ́ńbà yín mọ́. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má pè é padà láti orí láìnì tiwọn, torí owó rẹ̀ á gbé káàdì wọn mì kí wọ́n tó kí yín tán.

Ohun tí a ó sọ, àti bí a ó ṣe sọ ọ́

Ó dùn mí láti sọ pé àwa tí a ń kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ni a kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Olùkọ́ wa nìkan ló fara balẹ̀. Ẹnìkan ń pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ sọ fún wọn pé ẹbá àpáta ńlá ni a wà!" Nínú Ọ̀yọ́-Ilé! Bí ẹni tó ní òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi nínú òkun.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà. Èmi ń lo ọ̀nà yìí báyìí: ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ sọ ibi tí ẹ wà, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye ènìyàn tó kàn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹni náà ṣe, ẹ sọ ìgbà tí ẹ ó tún pè. Ibi tí ẹ wà ló gbọ́dọ̀ yára tẹ̀lé orúkọ yín, torí pé bí ìpè bá já lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ó wá yín sí. Bí ẹ bá sọ gbólóhùn kan, ẹ dúró kí ẹnìkejì tún un sọ fún yín.

Lórí nọ́ńbà GPS, ẹ ṣọ́ra gidi. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Àwọn kan ń lo dígíríì pẹ̀lú mínítì, tí mínítì ọgọ́ta jẹ́ dígíríì kan. Àwọn mìíràn ń lo dígíríì pẹ̀lú ojúàmì. Dígíríì 8 pẹ̀lú mínítì 45 kì í ṣe 8.45 o, 8.75 ni. Ẹni tó bá ṣi èyí kọ yóò rán mọ́tò lọ síbi tó jìnnà tó kìlómítà 33 sí ibi tí ẹ wà. Kí gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò lórí ọ̀nà kan ṣoṣo nílé, kí wọ́n sì tò ó sínú gbogbo fóònù.

Bí ohùn bá ń já, àtẹ̀jíṣẹ́ sábà máa ń kọjá, torí kò nílò kí ọ̀nà là fún ìgbà pípẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa dárí jì mí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bí ó bá jẹ́ lẹ́tà òyìnbó lásán. Bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, ètò SMS á yí padà sí èyí tó ń gba 70 péré. Nínú ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yọ máàkì nítorí àmì ohùn, mo ń sọ fún yín pé kí ẹ yọ gbogbo àmì kúrò nínú àtẹ̀jíṣẹ́ pàjáwìrì. Àmọ́ kí ẹ yan ọ̀rọ̀ tí kò lè rú ẹni lójú. "Oko baje" lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó lè jẹ́ oko, ó sì lè jẹ́ ọkọ ẹni. Ẹ kọ "moto". Dípò "owo", ẹ kọ "naira", kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọwọ́ ló kán tàbí pé Ọ̀wọ̀ ni ẹ wà.

Ti bátìrì kò gùn. Irú Iridium tí a mú lọ, 9555, lè wà ní títàn fún nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, ó sì lè sọ̀rọ̀ fún bíi mẹ́rin. IsatPhone 2 ti Inmarsat dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó 160 wákàtí ní títàn àti mẹ́jọ ní sísọ̀rọ̀. Nínú igbó ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ọgbọ̀n wákàtí kò tó nǹkan. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń tàn kalẹ̀ de ìpè. Ẹ pa á, kí ẹ yan àkókò, bí àpẹẹrẹ aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́. Kí ẹni kan wà nílé tó mọ̀ pé bí aago méje alẹ́ bá lù tí òun kò gbọ́ yín, òun á dúró di àárọ̀. Bí ti àárọ̀ náà bá kọjá, òun á pe ọ́fíìsì ọgbà. Ẹni yìí ṣe pàtàkì ju fóònù lọ lójú tèmi. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ṣubú pẹ̀lú rẹ̀, dídákẹ́ yín nìkan ni yóò sọ fún ẹni ilé pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ yá tàbí rà

Fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yá a. Fóònù náà wọ́n, dọ́là ni wọ́n sì ń fi ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé káàdì rẹ̀ kò tíì kọjá ọjọ́, torí àsìkò káàdì ń parí bí ẹ lò ó, bí ẹ kò lò ó.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ránṣẹ́, bí inReach ti Garmin, tó ń gba orí Iridium. Ó kéré débi tí ènìyàn lè so ó mọ́ báàgì, ó ní bọ́tìnnì SOS, ó sì ń fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò ní sí ọ̀rọ̀ "ẹbá àpáta ńlá". Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún ẹ̀ka wa, òun ni màá yàn. Òmíràn ni ẹ̀rọ 406 MHz tí kò ní ju bọ́tìnnì kan lọ. Ètò àgbáyé Cospas-Sarsat ló ń gbọ́ igbe rẹ̀. Kánádà, Faransé, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ìgbà Soviet ló dá ètò náà sílẹ̀, àjọ NEMA ló sì ń bójú tó ibùdó rẹ̀ ní Àbújá. Kò ní owó oṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì lè sọ bóyá egungun ló kán ni tàbí ejò ló bù yín jẹ.

Àwọn fóònù ìgbàlódé kan, bẹ̀rẹ̀ láti iPhone 14, lè ké sí sátẹ́láìtì fún ìrànlọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ṣí i sí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbára lé e. Starlink tó ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní ọdún 2023 dára fún àgọ́ tó bá ní iná. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó yọ̀ lórí àpáta yóò fà yọ nínú àpò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kò sí hẹlikópítà tó ń dúró dè yín níbìkan. Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ yóò dé ọ́fíìsì kan, àwọn tó wà níbẹ̀ náà yóò sì wá ẹni tí wọ́n ó pè. Dírẹ́bà kan ní Ìgbẹ́tì àti ẹ̀ṣọ́ igbó méjì tó mọ ọ̀nà ni ìgbàlà tiwa.

Ti òfin wà níbẹ̀ o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, àwọn ológun fòfin de fóònù sátẹ́láìtì ní ìpínlẹ̀ Borno nítorí ogun Boko Haram, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n ti mú àwọn àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú nítorí pé wọ́n gbé e wọ̀lú láìgbàṣẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ NCC kí ẹ tó kó o wọlé láti òkè-òkun, ẹ mú lẹ́tà ẹ̀ka dání, kí ẹ sì fi í han àwọn aláṣẹ ọgbà ní ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó rí i fúnra wọn.

Alàgbà dé ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nínú aṣọ tí a so mọ́ igi méjì la gbé Ìyá Ẹgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwa mẹ́rin mẹ́rin, à ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Wọ́n fi POP di ẹsẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lára rẹ̀, gbogbo wa sì bu ọwọ́ sí i. Ó ti ń rìn báyìí. Òun ló ń tú àwọn oríkì tí a gbà sílẹ̀ sórí ìwé.

Ẹ̀gbọ́n tó ni fóònù ti gbà láti tún yá wa fún ìrìn-àjò ọdún tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú sáà tuntun, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yóò wà ní pápá tó wà lẹ́yìn ẹ̀ka wa pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé wá tàn án, kó fà ẹ́ríà yọ, kó sì fi pe ìyá rẹ̀. Kó ti kọ́kọ́ sọ fún màmá o, pé nọ́ńbà òkè-òkun kan máa pè.